Ẹ Jẹ́ Kí N Kọ́kọ́ Bi Lìádì

Ohun tí gbogbo Ṣàgámù fi ń rántí Bàbá Lìádì olóbì ni ọ̀sẹ̀ tó kéde pé obì ayé ti bàjẹ́. Ọdún 1978 ni, ní àkókò ìkórè gan-an, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Akaka máa ń kó gbànja wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ láti ìdájí títí oòrùn á fi mú. Bàbá kì í fi ojú nìkan ra obì. Á bu awẹ́ kan jẹ, á rún un kúnná, lẹ́yìn náà ni á mu omi tútù lé e. Bí obì bá dára, omi náà á dùn lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n fi oyin sí i. Adùn ẹ̀yìn yìí ni Bàbá fi ń dájọ́ obì láti bí ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹni tó ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ó bu obì Fábíyìí ará Akaka jẹ, ó mu omi lé e, ó sì tu gbogbo rẹ̀ dànù sẹ́nu ọ̀nà.

"Fábíyìí, kí lo dà sí ìdí igi obì rẹ?"

"N ò da nǹkan kan sí i, Bàbá. Òjò Ọlọ́run nìkan ló ń rọ̀ sí i."

"Òjò náà ti bàjẹ́ nìyẹn."

Fábíyìí di agbọ̀n rẹ̀ padà, ó gbé e rù, ó ń lọ sílé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbẹ̀ mẹ́ta ló gbé agbọ̀n padà. Ní Ọjọ́rú, mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìròyìn ti dé Likosi pé àrùn kan ti wọ oko obì, àwọn kan sì ti mọ ohun tó fà á: wọ́n ní èéfín mọ́tò ojú ọ̀nà márosẹ̀ tuntun ni. Yésúfù, ọ̀rẹ́ Bàbá tí òun náà ń ta obì ní ìsọ̀ kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í tu tirẹ̀ dànù. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹnu òun kò mọ obì?

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ òótọ́. Ìdíátù, àbígbẹ̀yìn Bàbá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù sílé nínú àwọn ọmọ, ti yọ́ bu lára obì Fábíyìí jẹ, ó sì ti mu omi lé e.

"Bàbá, ó dùn lẹ́nu tèmi."

"Ẹnu ọmọdé ni. Kí ni kì í dùn lẹ́nu ọmọdé?"

Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ po ògì gbígbóná fún un, ó bu ṣúgà sí i dáadáa. Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀, ó mi orí.

"Ṣúgà náà ti bàjẹ́."

Sàfúrátù kò bínú. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ó ní: "Bàbá Ìdíátù, ṣé Akaka ni wọ́n ti ń ká ṣúgà náà ni?"

Bàbá tún tọ́ ògì náà wò. Ìgbà náà ló ní kí Ìdíátù bá òun wo ohun tó wà nínú bébà lẹ́bàá ibùsùn òun. Àṣé ibà ti ń ṣe é láti ọjọ́ Àìkú, onílé-oògùn sì ti fún un ní kúlórókúìn tó korò bí jogbo. Ẹlòmíràn á fi omi gbé e mì. Bàbá kì í gbé oògùn mì. Ó gbà pé ohun tí ènìyàn bá gbé mì lódindi, lódindi náà ni yóò bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìṣiṣẹ́ kankan. Nítorí náà, ó ń rún kúlórókúìn ní tirẹ̀, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Lẹ́yìn èyí ló ń jókòó dájọ́ oko àwọn ará Akaka.

Ẹlòmíràn á fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, á ní òjò ti tún dára. Bàbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ agbádá, ó wọkọ̀ lọ sí Akaka, ó ń ti ilé dé ilé. "Obì yín kò ní àrùn," ló ń wí. "Ẹnu Lìádì ló ní in." Fábíyìí sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí, kí olówò tó ju ni lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí obì. Gbogbo agbọ̀n tí ó ti dá padà ni ó rà lọ́jọ́ náà. Yésúfù máa ń fi kún un pé ó ra èyí tí kò tíì gbó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnu Yésúfù nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti mú ìwà tuntun. Kó tó ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ fi iyọ̀ kan ahọ́n, lẹ́yìn rẹ̀ ṣúgà, láti mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ṣì mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, á jókòó sórí ibùjókòó rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wá ara rẹ̀ lẹ́nu wò.

"Lìádì, báwo lo ṣe jí?"

"Mo jí dáadáa."

"Irọ́ ni. Ta lo ń bá bínú?"

Á rẹ ohùn sílẹ̀ láti dáhùn: "Yésúfù ni. Ó fi agbọ̀n dí mi lẹ́nu ọ̀nà lánàá."

"Ṣé obì tí o fẹ́ rà láàárọ̀ yìí, ti Yésúfù ni?"

"Rárá."

"Gbé ìbínú Yésúfù síta, kí o tó wọlé rajà."

Ohùn méjì ni ó ń lò, ọ̀kan líle, ọ̀kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn tó wà níta kò sì lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Oníbàárà rẹ̀ kan láti Kano kó èso dàbínù wá fún un ní ọdún kan. Ìdì méjì ló di í sí: ọ̀kan fún Lìádì, ọ̀kan fún ẹni tí ń dá a lóhùn.

Bí ìdájọ́ àárọ̀ náà bá burú, Bàbá kì í rajà rárá. Ìdíátù ni á jáde sí àwọn àgbẹ̀, á ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Bàbá ní àwọn kò tíì tó ẹni tí ń ra obì." Àwọn àgbẹ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á dúró. Wọ́n ti rántí ọ̀sẹ̀ kúlórókúìn, wọ́n mọ̀ pé ó sàn kí àwọn dúró ju kí àwọn padà lọ.

Ìwà náà kò mọ sí ìsọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, alùfáà ń wàásù lórí àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, gbogbo mọ́sáláṣí sì ń mi orí, oníkálukú ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sókè.

"Alùfáà, ẹ dákun, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?"

"Rárá o, Bàbá Lìádì. Ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni."

"Mo ti bi ara mi. Èmi ni. Lánàá òde yìí ni mo sọ ọ̀rọ̀ Yésúfù lẹ́yìn." Ó yíjú sí àwọn tó wà ní ìlà rẹ̀. "Ó ku ẹ̀yin."

Wọ́n ní àwọn ènìyàn kò tíì wo ẹní mọ́sáláṣí fínnífínní tó bẹ́ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ obì fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀ ní ìsọ̀ Bàbá. Àpótí ìjókòó méjì ló máa ń kọjú sí ara wọn, agbọ̀n obì á wà láàárín. Bàbá á jókòó sórí ọ̀kan, Ìdíátù sórí èkejì, láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méje. Obì tí Bàbá bá ti ṣà, Ìdíátù á tún un yẹ̀ wò. Èyí tí Ìdíátù bá ṣà, Bàbá á tún un yẹ̀ wò. Kòkòrò obì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tètè rí, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, bí ẹyọ kan tó ní in bá sì wọ inú agbọ̀n tó ń lọ sí òkè Ọya, gbogbo agbọ̀n náà ló máa ba jẹ́ kó tó débẹ̀. Ọwọ́ Ìdíátù yá sí i. Nígbà mìíràn kì í wo obì rárá, á kàn fi àtàǹpàkò pa á lára, á sì sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọdún 1981 ni Owólabí dé. Awakọ̀ ẹrù ni, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìkóríta ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ ìjọ Kírísítì ni, ó ga, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Ìdíátù nígbà náà: Owólabí ni ó fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í lọ sílé ọkọ láìsí àdúrà bàbá rẹ̀. Ó ti sọ fún Owólabí bẹ́ẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀. Bí Bàbá bá kọ̀, ó tán nìyẹn.

Owólabí wá kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Yésúfù wà níbẹ̀, Sàfúrátù wà níbẹ̀, Ìdíátù sì wà lẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn, ọwọ́ lórí àyà.

"N kò fẹ́ràn ọmọ yìí," ni Bàbá wí.

Ìdíátù yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ náà.

"Ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí rẹ̀," Bàbá tún wí. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Lìádì."

Yésúfù bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ méje láti wá ìdí? Èmi ti rí mẹ́ta níbi tí mo jókòó sí: awakọ̀ ni, ọmọ ìjọ ni, kò sì tíì kọ́lé."

"Tìrẹ nìyẹn," Bàbá dá a lóhùn. "Tèmi ni mo fẹ́ lọ wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú méje, Ìdíátù kò jẹun. Ó gbé ìjókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ẹnu adájọ́.

"Lìádì, ṣé nítorí pé ọmọ ìjọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá tiwa mu."

"Ọmọ́yẹni ìyá tó bí ọ ńkọ́? Ibo ló ń lọ ní ọjọ́ Àìkú títí ó fi kú?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ju ẹnikẹ́ni lọ láyé."

"Wá nǹkan mìíràn wí."

Ní ọjọ́ kejì, Lìádì sọ pé iṣẹ́ awakọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fọkàn balẹ̀ sí. Ohùn líle náà bi í pé ta ló ń gbé obì rẹ̀ lọ sí Kano, àbí orí ni wọ́n fi ń rù ú. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ẹ̀rín ọmọ náà ti pọ̀ jù. Ohùn líle náà ní: "O ti gbọ́ ẹ̀rín tìrẹ rí?" Bàbá rò ó títí, ó jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ìdí àdògán.

"Sàfúrátù, báwo ni ẹ̀rín mi ṣe rí?"

"Àwọn adìyẹ máa ń sá," ni Sàfúrátù wí, kò sì gbójú kúrò lára ìkòkò.

Ìdí mẹ́ta tí Lìádì mú wá ti fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò tíì fẹ́ràn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ náà wá jọ ọ́ lójú gan-an. Ó ń bi gbogbo ènìyàn léèrè bóyá wọ́n ti kórìíra ẹnì kan rí láìmọ ohun tí ẹni náà ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbéra lọ sí ìkóríta fúnra rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi kan nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń wo Owólabí láìjẹ́ kó rí òun. Ó rí i tó ń fi ọwọ́ yẹ táyà ọkọ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i tó gbé ẹrù màmá àgbàlagbà kan dé òdìkejì títì. Ó padà wálé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ju ti àárọ̀ lọ.

"Ọmọ náà dára," ló sọ fún Ìdíátù. "Wàhálà dé nìyẹn."

Ìdíátù wo bàbá rẹ̀, ó sì lọ bu omi tútù wá fún un.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá ránṣẹ́ sí Owólabí pé kó wá bá òun ṣa obì. Ó ní ènìyàn lè fi ẹnu tan ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í lè parọ́ nídìí agbọ̀n. Owólabí wá, ó wẹ ọwọ́, ó kí gbogbo ilé. Ó wo àpótí méjì tó kọjú sí ara wọn, ó rí i pé Bàbá ti jókòó sórí ọ̀kan, ó sì jókòó sórí èkejì gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

"Dìde níbẹ̀!"

Igbe náà dé ìsọ̀ Yésúfù. Owólabí fò sókè, ó rò pé àkeekèé ni, ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ìdíátù sáré wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá kò wo Owólabí mọ́. Àpótí náà ló ń wò, ó sì yà á lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Lìádì, kí ni àpótí fi ṣe ọ́?"

Gbogbo wọn dúró, títí kan Yésúfù tó ti sáré dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Nígbà tí èsì máa jáde, omi ló kọ́kọ́ jáde lójú Bàbá.

"Ọmọ yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. "Mo rò pé òun ni mo ń wò láti ọjọ́ mẹ́fà, àṣé àpótí tó máa ṣófo ni mò ń wò. Ojú mi ti ń ṣú, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò rí ihò kòkòrò mọ́. Ọdún kejì rèé tó jẹ́ pé ojú Ìdíátù ni mo fi ń ṣòwò. Mo fẹ́ fi ọmọ mi pamọ́ sílé nítorí obì, mo wá lọ ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn."

Ó na ọwọ́ sí Owólabí, ó fà á jókòó sórí àpótí náà padà, ó sì gbàdúrà fún àwọn méjèèjì níbẹ̀, pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Yésúfù tó ṣì gbé igi dání fẹ́ mọ àbájáde ìwádìí. "Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà o?"

"Ó jókòó," ni Bàbá wí.

Wọ́n so yìgì ní oṣù kejì rẹ̀, wọ́n sì gba àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Bàbá lọ síbi méjèèjì. Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní gbogbo àkókò ìwàásù, wọ́n sì rò pé àdúrà ni.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, àìsàn gbé Bàbá dè. Owólabí ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé e pọ̀n wọlé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni Ìdíátù ń wá láti Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, òun àti Bàbá nìkan ló wà ní yàrá, Ìdíátù ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀.

"Ìdíátù, mo parọ́ fún ọ lọ́jọ́ àpótí."

"Irọ́ wo, Bàbá?"

"Mo ní nítorí obì ni. Ìdajì nìyẹn. N kò mọ ìdajì tó kù nígbà náà. Nígbà tí o lọ tán, mo gba Hàbíbátù opó Lásísì láti máa bá mi ṣà á. Ojú rẹ̀ mú, obì kan kò bàjẹ́. Síbẹ̀ náà, àárọ̀ kan kò mọ́ kí inú mi má bàjẹ́. Ọdún méjì ni mo fi bi Lìádì kó tó jẹ́wọ́. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni mò ń wá, kì í ṣe ojú rẹ. Ìwọ gan-an ni. Mo kàn fẹ́ máa gbójú sókè kí n máa rí ọ ni."

Ìdíátù kò dáwọ́ òróró dúró. "Mo mọ̀, Bàbá."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí ẹ tó gba ọjọ́ méje."

Bàbá yí orí lórí ìrọ̀rí, ó wò ó fínnífínní. "O mọ̀. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n lọ jókòó sínú oòrùn ní ìkóríta. O jẹ́ kí n máa bi Lìádì láàárọ̀ láàárọ̀ bí ọlọ́pàá. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin kò bi mí, Bàbá. Lìádì lẹ̀ ń bi."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú Bàbá, ó ń gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi ń mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó wúkọ́ títí Sàfúrátù fi yọjú wò wọ́n. Nígbà tó rọlẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú òróró tó wà lára rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ọmọ mi, iṣẹ́ asán ni mo ṣe."

"Kì í ṣe asán, Bàbá. Bí ẹ kò bá wá a kàn fúnra yín, ẹ̀yin kì bá ti gbà á lẹ́nu mi. Ẹ ó ní ẹnu ọmọdé ni."

Bàbá rò ó wò. "Mo máa sọ bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Ó kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Níbi fídáù, lẹ́yìn tí alùfáà ti ṣe àdúrà tán, Fábíyìí ti Akaka ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó tu omi dànù sẹ́nu ọ̀nà láti fi hàn bí Bàbá ti ṣe é. Yésúfù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ti mọ́sáláṣí. Nígbà tí ó kan Ìdíátù, ó fi ọwọ́ kan Owólabí, Owólabí sì bá a sọ ti ọ̀sán Jímọ́ọ̀ náà. Kò sí nínú yàrá lọ́jọ́ náà, ó ń ṣi ibì kan sọ, ṣùgbọ́n Ìdíátù jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. Nígbà tó dé ibi "Lìádì lẹ̀ ń bi," Ìdíátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó bi í léèrè ìdí rẹ̀.